Kókó Tó Gbé Hikmat Dé Ilé Ìwòsàn

Lọ́jọ́ Alàmísì ni Hikmat fá irun abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ de Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéwú pé kò gbọdọ̀ kọjá ogójì ọjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bó ṣe ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lójú abẹ́. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dùn ún díẹ̀.

Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni, Hikmat ì bá má kà á sí. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Taofeek ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà láti Ọ̀fà lọ sí Kánò, gbàgbé kápúsù sínú àpò ṣòkòtò tó ní kó bá òun fọ̀. Hikmat bi í léèrè, ó kọ́kọ́ ní ibà ni. Ìgbà tó yá ló jẹ́wọ́. Ó ní obìnrin kan wà ní Jẹ́bà tí òun máa ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì ti pe òun pé wọ́n rí àrùn ìbálòpọ̀ lára obìnrin náà fúnra rẹ̀. Taofeek ò dé ilé ìwòsàn o. Kẹ́mísìtì ló lọ, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, wọ́n fún un ní kápúsù, ó sì gbà pé ó ti tán nìyẹn.

Hikmat sunkún, ó bínú, ó tún sunkún. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni oyún oṣù mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára láàárín ọdún mẹ́fà tó wọlé ọkọ. Ó ti fi ara rẹ̀ búra pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ò ní lọ.

Kò sì tíì forúkọ oyún náà sílẹ̀ níbì kankan. Alhaja Asiata, àbúrò bàbá Taofeek, tó jẹ́ àgbà obìnrin agboolé, ló ní kó má tíì lọ. Alhaja ní ariwo ló pa àwọn méjì ìṣáájú. Kí ikùn yọ dáadáa kí ayé tó gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ ìyàwó agboolé yẹn ṣe ń ṣe é nìyẹn, oṣù karùn-ún á ti wọlé kí wọ́n tó rántí pé ilé ìwòsàn wà.

Nígbà tí Hikmat sọ̀rọ̀ kókó náà, Taofeek ní abẹ ìfárun lásán ló fà á. Alhaja ní tirẹ̀ gbé oògùn kan tó ń ta bí ata wá nínú ìgò, ó ní kó fi jó o kúrò. Ó tún kìlọ̀ fún un pé kó má gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, torí pé Bíọ́lá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ìyàwó agboolé kan náà ni.

“Bí o bá ní o máa lọ dandan, Ìlémọ̀nà ni kó o lọ, níbi tẹ́nì kan ò ti mọ̀ ẹ́,” ni Alhaja wí. “Orúkọ ilé wa ni mò ń rò.”

Hikmat kúnlẹ̀, torí ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò wálẹ̀ rárá.

“Alhaja, ẹ má bínú. Orúkọ ilé kọ́ ló wà nínú ikùn mi, ọmọ ni. N ò jalè, n ò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé lọ tọ́jú ara mi.”

Ló bá gbé ìgò náà padà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà Pólì. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn ìyàwó ilé wọn méjì rí i níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ kí wọn.

Bíọ́lá fa kọ́tìnì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ ibẹ̀ wò dáadáa, ó sì bi í ní gbogbo ohun tó yẹ kó bi í. Hikmat ò fi ohun tí Taofeek jẹ́wọ́ pa mọ́ fún un. Ó ní irun tí wọ́n fá ló yí padà wọnú ẹran ara, ló fi wú. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má fi oògùn kankan jó o, kó máa fi aṣọ tó rì sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, kó sì fi abẹ sílẹ̀ ná. Hikmat mí kanlẹ̀, ó ní Alhamdulilahi, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

“Jókòó, Hikmat,” ni Bíọ́lá wí. “Kókó yẹn kọ́ ló gbé ẹ wá. Ohun tí ọkọ rẹ sọ fún ẹ ló gbé ẹ wá. Ojú mi lè mọ irun, kò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí kòkòrò HIV, kò sí àrùn ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n sífílíìsì, ọ̀kan nínú àwọn àrùn ìbálòpọ̀, wà níbẹ̀. Bíọ́lá ṣàlàyé fún un pé egbò àrùn yẹn lè yọ láìdunni rárá, kó sì jiná fúnra rẹ̀, kí àrùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá bá aláboyún, ó lè ran ọmọ, ó sì lè pa á sínú.

Ọwọ́ Hikmat lọ sí ikùn. Ó bi Bíọ́lá bóyá àrùn náà ló pa àwọn méjì ìṣáájú. Bíọ́lá ò tàn án. Ó ní òun ò lè mọ ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n ti eléyìí, wọ́n tètè rí i, abẹ́rẹ́ pẹnisílínì sì máa wò ó. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ náà fún un, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bíọ́lá ní Taofeek náà gbọ́dọ̀ wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún kó o ràn án. Ó sì fi dá a lójú pé ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í bá òun délé.

Nígbà tí Hikmat délé, Taofeek ní kẹ́mísìtì ti gún òun lábẹ́rẹ́. Hikmat ní abẹ́rẹ́ wo, kí lorúkọ ẹ̀, àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó gún un? Taofeek ò mọ ọ̀kankan.

“Ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ lọ́la,” ni Hikmat wí. “Bẹ́ ẹ ò bá lọ, ẹní yín ń bẹ ní pálọ̀. N ò ní gbàrùn yìí lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì.”

Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà fi sùn ní pálọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ ṣòkòtò, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rí sífílíìsì lára òun náà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò fara kanra títí ìtọ́jú fi parí, wọ́n sì padà lọ ṣe àyẹ̀wò HIV lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ó lè má tètè hàn. Wọn ò rí i lára ẹnì kankan nínú wọn.

Oṣù mẹ́sàn-án pé, Hikmat bí obìnrin. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Alhaja bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kó má ti ẹnu rẹ̀ jáde. Hikmat ní ó ti jáde. Sherifat, ìyàwó tuntun tó lóyún oṣù méjì, ti gbọ́ ọ lẹ́nu òun, ó sì ti lọ forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo kókó abẹ́ ló jẹ́ àrùn, kì í sì í ṣe gbogbo àrùn ló ń yọ kókó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má jó o, ẹ má sì gbàbẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn dání. Aláboyún, má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ. Gbàrà tó o bá ti mọ̀ ni kó o lọ. Bí aládùúgbò bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa wọlé lọ. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ yín ò ní bá yín rọbí.