Ilẹ̀ tí Mùíz Kùn ní Pupa

Ọkùnrin kan dojúbolẹ̀ gbalaja lórí ojú irin Ọ̀fà lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sínú koríko, kò mira. Hikmat ju àpò aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta.

"Bọ̀dá! Ẹ dìde ńbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Rúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bírò wà lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mò ń wọn àlàfo àárín àwọn irin ìdábùú yìí ni. Mò ń ṣe kékeré rẹ̀ sílé."

Ìbínú ló yẹ kó bí Hikmat, ẹ̀rín ló pa á. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ni yóò sọ òun di ẹni tí ń sunkún.

Mùíz lorúkọ ọkùnrin náà, ó ń tún rédíò àti fáànù ṣe. Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án tẹ́ Ọ̀fà sórí tábìlì: tésàn, mọ́ṣáláṣí, ọjà, àti ojú irin tó fi irin agboòrùn ṣe. Mọ́tò rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ló ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré rẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá bà lé irin, ọkọ̀ á dúró. Bí ooru bá mú, irin á tẹ̀, ọkọ̀ á sì ṣubú.

Aránṣọ ni Hikmat, ará Ẹ̀rìn-Ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ bó bá ń lọ sílé, á máa fi àjákù aṣọ àti sípíríìtì nu irin.

"Ìyàwó rélùwéè," Mùíz á ní, "o ń wo irin ju bí o ṣe ń wojú mi lọ."

"Irin kì í purọ́ fún mi. Ìwọ tí o ní wàá jẹun ọ̀sán, ṣé o jẹ ẹ́?"

Kò pé ọdún kan tí ìfẹ́ wọn fi wọra pátápátá. Ó wá ku bàbá Hikmat, Alhaji Sàláwù, tó ní àfi kí òun fojú ara òun rí ilé àti iṣẹ́ ọkùnrin náà kí òun tó dáhùn.

Mùíz fẹ́ kí inú Alhaji dùn. Ó so pákó tuntun mọ́ tábìlì, ó ṣe Ẹ̀rìn-Ilé sórí rẹ̀, tòun ti oko kaṣú Alhaji. Ó fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀ Ọ̀fà, ó fi àwọ̀ ewé kun ti Ẹ̀rìn-Ilé. Àwòrán ilẹ̀ kan tó bá nínú ẹrù bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé, kò bi ẹnikẹ́ni. Oko kaṣú bọ́ sínú pupa. Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí òun àti Hikmat, Mùíz sì mọ̀. Ìdùnnú ni kò jẹ́ kó rántí.

Alhaji dé, ó wo tábìlì náà títí. Hikmat rò pé ó wù ú ni. Alhaji na ìka.

"Ta ló ni oko yìí?"

"Tiyín ni, Daddy," Mùíz dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Kí ló dé tó fi pupa bíi ti Ọ̀fà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Mùíz.

"Ibi tí o kùn yìí," Alhaji ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "ibẹ̀ ni Taofeek àbúrò mi kú sí nígbà ìjà. Èmi ni mo gbé e wálé. Hikmat, dìde ká lọ."

Oṣù méje kọjá. Mùíz fẹ́ fi àwọ̀ ewé bo pupa náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́, ó ní bó bá dán an wò, ó ti ta ilẹ̀ Ọ̀fà nìyẹn, kó kẹ́rù rẹ̀ jáde. Ìrètí pin. Irin dípẹtà, ọkọ̀ dúró sójú kan, Mùíz ò fọwọ́ kàn án mọ́. Hikmat ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn ẹlòmíràn, omijé ń bọ́ sórí léèsì wọn. Ó gbàdúrà títí ó fi sú u.

Lọ́jọ́ kan, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù. Mùíz ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn.

"Mi ò ní gbé ọ sá lọ, Hikmat. Bàbá rẹ ṣì ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò wọn."

"Ta ló ní mo fẹ́ sá?"

Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà kúrò lórí oko. Mùíz bá a ha á. Wọ́n ha á títí ó fi ku pákó lásán, kò pupa, kò ní àwọ̀ ewé, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùíz kò sì lè ní ó ta ilẹ̀.

"Bí mi ò bá fẹ́ ọ, ayé mi, mi ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni," Hikmat ní.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà." Ẹkún ni wọ́n fi ṣe ìlérí yẹn.

Hikmat sọ ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Alhaji dá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ti pákó náà.

"Igi ọsàn kan wà níbí. Ìdí rẹ̀ ni Taofeek máa ń jókòó sí."

Mùíz dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ó yẹ kí n bi yín kí n tó kùn ún."

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín," Alhaji ní, "kò sí ọmọ Ọ̀fà kan tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi." Ó nu ojú. "Ẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má kàn retí pé n óò rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, níbi yìgì nílé Alhaji, lèmọ́mù béèrè lọ́wọ́ Alhaji bóyá ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀. Hikmat ń wolẹ̀.

"Mo yọ̀ǹda," Alhaji ní, ó sì bú sẹ́kún. Mùíz ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú.