Aago Tó Ń Ròyìn Ẹni

Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Fájuyì, láàárín ìlú Adó, ni Àtinúkẹ́ ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó gbé páálí aago kan sókè, ó sún un jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ ojú, ó wá ní, "Àbí èèrà ni wọ́n kọ ìwé yìí fún?"

Ẹ̀rín pa Àtinúkẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ fi tèmi wò ó, sà. Ọjọ́ orí ló ń bá wa jà, kì í ṣe páálí."

Ọkùnrin náà gbé awò obìnrin sójú, pupa fòò. Dùnmínínú, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà bú sẹ́rìn-ín.

"Ayọ̀rìndé ni mò ń jẹ́, mà. Ọ̀dà ilé ni mò ń tà lójú títì lọ́hùn-ún. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa rìn, kí n sì ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn."

"Ẹ ò rí i? A ti di ẹbí."

Olùkọ́ ni Àtinúkẹ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n agbo ilé ọkọ ló ṣì ń gbé, lẹ́yìn Ọjà Ọba. Àǹtí Olúfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí Àtinúkẹ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àǹtí á ní, "Ìyàwó, ibo lo ti ń bọ̀?" Bó bá ti ọjà dé, "Ìyàwó, ibo lo ti ń bọ̀?" Kódà bó bá lọ da ilẹ̀ nù, ìbéèrè náà ń dúró dè é. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Olúwadámiláre, wà ní Kánádà. Òun ló ní kí ìyá òun lọ yan aago tó bá wù ú, òun á sanwó.

Dùnmínínú gbé méjì síwájú wọn. "Èyí dúdú yìí, ẹ̀yin nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Èyí aláwọ̀ aró yìí, ó ń ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ yín. Ibi tẹ́ ẹ bá wà, á rí i. Bẹ́ ẹ bá sùn, á mọ̀."

"Bí mo bá yán ńkọ́?" ni Ayọ̀rìndé bi í. "Olófòófó gbáà ni eléyìí!"

Àtinúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á lọ rò ó. Ayọ̀rìndé náà ní òun á lọ rò ó.

Wọ́n tún pàdé níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ayọ̀rìndé tún gbàgbé awò rẹ̀ sílé. Nígbà tó tún gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Àtinúkẹ́ rí awò ọ̀hún nínú àpò ẹ̀wù ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó yọ tirẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin àgbà méjì yìí," Dùnmínínú pariwo lọ́jọ́ kan, "ẹ ò ra aago, ẹ ò sì lọ sílé!"

Wọn ò lè rà á. Bí wọ́n bá rà á, kí ni wọ́n á tún wá ṣe?

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn láàárọ̀ ní ọgbà Fájuyì. Ayọ̀rìndé sọ fún un bí ìyàwó òun ṣe kú, bí òun ṣe ń se oúnjẹ tí aládùúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àtinúkẹ́ sọ fún un pé òun kì í lè mí dáadáa bóun bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé.

"Tinúkẹ́ mi," ni ọkùnrin náà wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò kéré mọ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Wá fẹ́ mi."

"Ẹ má sọ ọ́ sókè, bàbá ọlọ́dà," ni Àtinúkẹ́ wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ẹnìkan ti rí wọn. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ẹbí ti jókòó sí pálọ̀. Bàbá Adéyẹyè, olórí ẹbí, fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Ulé yìí ni wọ́n gbé ẹ wá, Àtinúkẹ́. Sàréè ọkọ rẹ nìyẹn lójúde. Kí ni o fẹ́ kí a pè ọ́, kí ará Ọ̀yọ́ tó ń ta ọ̀dà wá máa fà ọ́ kiri ìta? Bí o bá lọ bá a, má padà wọ'bí mọ́."

Fóònù dún. Olúwadámiláre ni. Àǹtí rẹ̀ ti rojọ́ fún un.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ ra aago aláwọ̀ aró tẹ́ ẹ sọ fún mi yẹn lónìí. Mo fẹ́ máa mọ ibi tẹ́ ẹ wà."

Àtinúkẹ́ wo ojú wọn yíká. Kò sí ibi tó lè gbà. Ó ní, "Mo gbọ́."

Ní Fájuyì lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀rìndé ti dúró dè é. Ó ti gbọ́ ohun tí ẹbí sọ, ó sì ti ra aago dúdú méjì. "Wọ èyí, olólùfẹ́ mi. Máa yọ́ wá sọ́dọ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó tó wa."

Àtinúkẹ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Ó dá a padà fún un. Ó yíjú sí Dùnmínínú, ó ní, "Aláwọ̀ aró ni kí o fún mi."

Ojú Ayọ̀rìndé ṣú. "O yan ẹ̀wọ̀n, Tinúkẹ́."

"Ẹ̀wọ̀n ni dúdú náà. Bí mo bá ń yọ́ wá bá yín bí olè, ẹ̀wọ̀n náà ni, ẹ̀yin lẹ ó kàn máa mú kọ́kọ́rọ́ dání."

Kò bá a rìn lọ́sẹ̀ náà. Ilé ìwé, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, aago lọ́wọ́ rẹ̀. Olúwadámiláre yìn ín. Àǹtí Olúfúnkẹ́ náà yìn ín.

Nígbà tó di Sátidé, ní ọ̀sán gangan, Àtinúkẹ́ wẹ̀, ó wọ bùbá tó dára jù, ó fẹsẹ̀ rìn gba ojú títì ńlá lọ sílé Ayọ̀rìndé. Ó jókòó sórí àga. Kò bọ́ aago náà.

Kò pẹ́ tí fóònù dún.

"Mọ́mì, ibo lẹ wà yẹn?"

"Ilé Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ni."

"Ẹ mọ̀ pé mò ń rí yín, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi wọ aago lọ síbẹ̀?"

"Kí o lè rí mi ni, ọmọ mi."

Olúwadámiláre ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ojú ọkùnrin náà. Àtinúkẹ́ yí fóònù sí i. Ayọ̀rìndé ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú fóònù, fún ọmọ tí òun lè bí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo wá tọrọ ìyá yín ni."

"Háà! Ẹ dìde, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" ni ọmọ náà ké. "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n dìde!"

Kò dìde.

"Mọ́mì kì í jẹ ata púpọ̀, sà," ni Olúwadámiláre wí. "Ẹ má fi ata púpọ̀ sí oúnjẹ wọn."

Àtinúkẹ́ bú sẹ́kún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Olúfúnkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń wà.

"Ìyàwó, ibo lo ti ń bọ̀?"

Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. "Ilé Ayọ̀rìndé ni mo ti ń bọ̀, ọkọ mi. Ẹrù mi ni mo wá kó."

Ó dúró díẹ̀ létí sàréè ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.