Ibi tí Ìgbóná Ọkọ̀ Bàbá Ń Lọ

Nígbà tí Bándélé gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀ típà bàbá rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí ó lé, oòrùn ọ̀sán ń ta èèyàn lórí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Ṣàpọ́n, rédíétọ̀ sì tutù. Bándélé yọ ọwọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún gbé e padà.

"Sàlà, ṣé o rí nǹkan tí mò ń rí?"

Sàlàhúdíìnì mẹkáníìkì ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ọ̀gá mi, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ń rí yẹn. Ṣebí mo sọ fún yín pé fáànù oníná dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Bàbá Bándélé ló fi ogójì ọdún wa típà yẹn, tí wọ́n fi ń kó òkúta. Omi rédíétọ̀ rẹ̀ kò hó mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà rí, àfi ọdún àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fà á lé ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o pààrọ̀. Má ṣáà yọ fáànù." Bándélé bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá ìjọ ni Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Ìbarà. Ìwé orin ni wọ́n ṣí. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí fáànù àtijọ́ yẹn, ó ń gba agbára lára ọkọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì sì ti gbó. Bándélé ní kí Sàlà yọ ọ́, kó fi fáànù méjì tó ń lo bátìrì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n bá ońdè oògùn kékeré kan tí wọ́n fi awọ rán, wọ́n so ó mọ́ ìdí apá kan lára fáànù náà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í ju irú ẹ̀ nù. Ibi tó bá ti bá a lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń dá a padà sí. Sàlà so ó mọ́ ìdí ọ̀kan nínú fáànù tuntun. Ojú wá ń ti Bándélé láti bi bàbá ìjọ léèrè ọ̀rọ̀ oògùn, ló bá pa ẹnu mọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ dún. Péjú ìyàwó rẹ̀ ni, láti ilé.

"Bàbá Àràmídé, ẹ máa bọ̀ o! Ara Bàbá ń gbóná. Kì í ṣe ibà. Aṣọ tútù tí mo tẹ́ lé wọn láyà ti gbẹ, ó ń rú èéfín! Àràmídé ọmọ yín ló jókòó tì wọ́n, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì tó wákàtí kan."

Ojú Bándélé lọ sí ara rédíétọ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ohùn Bàbá nínú fóònù, ohùn náà ti gbẹ.

"Bándélé. O yọ ọ́, àbí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ibo ni atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí?"

Bándélé ya bébà kan, ó gbé e síwájú rédíétọ̀. Ó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra. Kàkà bẹ́ẹ̀, bébà náà fò kúrò, ó gbá a láyà. Sàlà fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Mo ti gbé wáyà sódì. Ẹ̀yìn ló ń yí sí!"

Ó sáré pa ẹ́ńjìnnì. Fáànù ò dúró. Ó yọ orí bátìrì, ó gbé bátìrì sílẹ̀ pátápátá. Fáànù ò dúró. Háà! Mo ní kò sí iná kankan lára èyí tí wọ́n so ońdè mọ́, ó sì ń yí fìrìrì. Sàlà ń pe orúkọ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́.

"Màá gé oògùn yìí dànù," ni Bándélé wí, ó ti mú ọ̀bẹ.

"Má gé e!" Bàbá pariwo nínú fóònù. "Bí o bá gé e níbi tó ti ń yí, gbogbo ilé yìí ló máa jó. Yí i sí ibi tó ń yí sí tẹ́lẹ̀!"

Sàlà pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Fáànù rọra dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ọ̀nà kejì. Rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Bándélé.

"Olúwa ṣeun o!" Péjú ti ń sunkún. "Ara wọn ti ń tutù. Omi ni wọ́n ń bèèrè."

Bándélé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìbéèrè kan tó sọ sí i lọ́kàn.

"Bàbá, ibo wá ni ìgbóná yẹn ń lọ?"

Ó gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mu omi gbùrù-gbùrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹni tó ṣe oògùn náà fún mi sọ pé ìgbóná kì í kú, pé wọ́n kàn ń lé e ni. Ó ní ẹni tó bá kéré jù nínú ilé ló máa gbà á, bó bá sì yí sódì, èmi tó ni ín ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nígbà tó mú Ọlátúndé, ìgbóná náà rọlẹ̀, kò wá ẹlòmíràn mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí o má yọ ọ́ nìyẹn. Ẹni bá yọ ọ́ tó tún un so, ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun."

Ọlátúndé ni ẹ̀gbọ́n Bándélé tí kò bá láyé, tí àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní ó pa á.

"Bàbá, ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì ní kí n yí i padà!"

"Ó ń jó mi, ọmọ mi."

Ohun kan jábọ́ nílẹ̀ lọ́hùn-ún, abẹ̀bẹ̀ ni. Péjú sì ké, "Àràmídé! Ẹ gbà mí o, ara ọmọ mi!"

Sàlà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú fáànù, ó di wáyà kan mú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ibo ni kí n yí i sí?"

Bándélé la ẹnu. Kó tó fọhùn, ohùn Bàbá tún jáde látinú fóònù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bándélé, mò ń gbọ́ o."