Ẹja Tó Jẹ Ẹyin Ara Ẹ̀

Ẹlẹ́ja, bí wọ́n ṣe ń pè é ní kíláàsì, fi imú lẹ mọ́ tánkì gíláàsì tó wà lójú fèrèsé. Lánàá, ojú ẹ̀ ló ṣe tí ẹyin wínníwínní ń bọ́ lára abo ẹja abilà ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wọ́n iyọ̀. Láàárọ̀ yìí, ìsàlẹ̀ tánkì mọ́ fónífóní. Akọ àti abo ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, ikùn rẹ̀bẹ̀tẹ̀, bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

"Màmi, wọ́n ti jẹ ẹyin ara wọn tán."

Ìyá ẹ̀, tó ń ránṣọ, ò gbójú sókè. "Ṣé tíṣà yín ò sọ ohun tó yẹ kó o ṣe ni?"

Tíṣà sọ. Ó ní kó fi gíláàsì róbótó tọ́mọdé fi ń ṣeré bo ìsàlẹ̀ tánkì, kí ẹyin lè jìn sáàárín wọn, níbi tẹ́nu ẹja ò ní tó. Ṣùgbọ́n Mọ̀ọ́tán, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ló rẹ́rìn-ín sí i pé, "Ẹja wo ló máa jẹ ọmọ ara ẹ̀? Ìwọ náà ti le jù." Ó sì gbọ́ tiẹ̀.

Ọ̀la ni tíṣà ń bọ̀ wá wo tánkì. Ẹni tẹ́ja ẹ̀ bá pamọ ló máa di alábòójútó yàrá ẹja tuntun nílé ẹ̀kọ́, ipò tí Ẹlẹ́ja ti ń lé látọdún tó kọjá.

"Fọkàn balẹ̀," Mọ̀ọ́tán ní nígbà tó yà wá wò ó. "Bọ̀dá mi lọ́mọ ẹja rẹpẹtẹ. Màá bù wá fún ẹ. Tíṣà ò ṣáà ní bi wọ́n léèrè ìwé ọjọ́ ìbí."

Ọkàn Ẹlẹ́ja ní rárá, àmọ́ nígbà tí Mọ̀ọ́tán gbé ike ọmọ ẹja dé, ọwọ́ ẹ̀ ti gbà á. Ó da ọmọ ẹja sínú tánkì, ó lọ fọ abọ́. Nígbà tó máa fi dé, ìrù ẹyọ kan ló kù, ó yọ síta lẹ́nu akọ ẹja.

"Ó yà mí lẹ́nu o," Mọ̀ọ́tán ní, ó ń họrí.

"Wọ́n jẹ tara wọn, tẹlòmíì ni wọ́n máa dá sí?"

"Ṣé kí n tún lọ bù wá?"

"Rárá. Eléyìí tó."

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún tíṣà, kò fi ọ̀rọ̀ ike pa mọ́.

"O mọ̀ pé ẹlòmíì máa gba ipò yẹn," tíṣà ní.

"Mo mọ̀, mà."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá tún un ṣe, mà."

Ó sì tún un ṣe. Ó fi omi lásán fọ tánkì, kò fi ọṣẹ kàn án. Ó fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì fọ́jọ́ méjì kí oògùn apakòkòrò inú ẹ̀ lè lọ. Ó tọrọ gíláàsì róbótó lọ́wọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò, ó tò ó nípele méjì. Bí àwọn ẹja ṣe yé tán, ó fi àwọ̀n kó tọkọtaya jáde, láìwojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó lójú dúdú méjì. Ẹlẹ́ja kà wọ́n dé mẹ́tàlélógún, ọ̀kan mira, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ti Ẹlẹ́ja ò tiẹ̀ tó wákàtí kan. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi téèyàn bá ti fo iṣẹ́ ni kó padà sí. Ọmọ ọlọ́mọ ò lè bá wa dí àlàfo ẹ̀.