Ohun Tí Adéṣínà Kò Lè Fi Iṣẹ́ Gbà

Tó o bá bi Adéṣínà léèrè ohun tó gbàgbọ́, kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Yóò sọ fún ọ pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ ni Ọlọ́run ń bù kún, àti pé ẹni tí ìyà bá ń jẹ, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ọrọ̀ ajé n'Íbàdàn rí, kó tó wá sí Tòróńtò. Ohun tó fi kọ́ wọn nígbà náà ló sọ di ẹ̀sìn: kò sí ohun ọ̀fẹ́ láyé, kò sì sí lọ́run.

Kò mutí, kò sì pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí. Ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣe ọ̀gá ní Pickering, nítòsí Tòróńtò, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Akínyínká, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ́ dé shift lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀, Adéṣínà ló ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìdẹ̀raolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní ìlú Markham, ó sọ fún un lórí fóònù pé, "Ohun tó o gbìn lò ń ká yẹn." Ọmọ náà kò pè é mọ́.

Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́.

Lóṣù January, Adéṣínà yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, itan rẹ̀ sì kán. Ilé iṣẹ́ dúró dè é títí, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ó wá ku òun nìkan nídìí fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ méjì lè kọjá kó má bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé, bí ohun tóun gbàgbọ́ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, torí òun kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Akínyínká ni, ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pé ó ṣubú. Ó wọlé, ó gbé abọ́ ìrẹsì kan lé orí tábìlì.

"Èló ni kí n fún ọ?" ni Adéṣínà bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tajà wá o."

"Àbí o ti gbàgbé ohun tí mo ṣe sí ọ ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣẹ Ọlọ́run, kò sì ní kí n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ sìn ín kó tó dárí jì mí. Jésù ti kú nítorí mi. Ẹ̀gbọ́n, bí alágbàṣe lẹ ṣe ń sin Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ ló fẹ́ fi yín ṣe."

Ojú ti Adéṣínà. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba, ó ní, "Olúwa, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Ó sunkún bí ọmọdé, Akínyínká sì jókòó tì í.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó pe Ìdẹ̀raolúwa.

"Daddy, is everything okay?"

"Rárá, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ni ọmọ náà fi dá a lóhùn: "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹsẹ̀ Adéṣínà kò padà bọ̀ sípò tán, iṣẹ́ yẹn náà kò sì padà. Ṣùgbọ́n ó ti mọ Baba rẹ̀.

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, kí lo gbẹ́kẹ̀ lé? Ṣé ìwà rere rẹ ni, àbí làálàá rẹ? Gbogbo rẹ̀ kò tó. Má sọ pé ó dìgbà tó o bá tún ara rẹ ṣe tán. Ọ̀fẹ́ ni Jésù ń pè ọ́. Òní ni kó o wá, bó o ṣe wà yẹn.