Etí Omi Olókùn

Inú omi tó mu ún dé ìbàdí ni Zaruhi ti kọ́kọ́ rí olùṣọ́ etí omi náà. Ó ń fa okùn pupa tí wọ́n fi pààlà ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n fún òtútù, ó sì ń ka orí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ka àgùntàn. Oòrùn ò yọ lórí adágún Sevan lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu bo àwọn òkè mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń da iyanrìn sí wàràkàṣì tí àwọn ará ibi iṣẹ́ Zaruhi gbé wá láti ìlú Yerevan.

Etí omi àwọn ọlọ́lá ni wọn ì bá lọ, níbi tí orin àti àga tìmùtìmù wà. Zaruhi ló fárígá pé ti gbogbogbòò làwọn ń lọ, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọdún kẹta rèé tí Vahe, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú sínú adágún yìí, ní etí àpáta kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́. Látìgbà náà, ibi tí okùn àti olùṣọ́ bá wà nìkan ló lè jókòó sí.

Ọkùnrin olókùn jáde, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, láti àárọ̀ ni mo ti ń kà yín mọ́ wọn, ẹ ò sì wọ omi. Ẹ ti ba ìṣirò mi jẹ́."

"Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀ nígbà náà."

"Rárá o. Ẹni tí mo bá ti kà, mo ti kà á nìyẹn."

Zaruhi rẹ́rìn-ín. Ó jọ òun fúnra rẹ̀ lójú.

Mihran lorúkọ ọkùnrin náà. Gbogbo Sátidé ìgbà ẹ̀rùn yẹn ni Zaruhi ń wọkọ̀ lọ bá a. Mihran ń pè é ní Zaruhi jan, ìyẹn Zaruhi ọ̀wọ́n, òun náà ń pe Mihran ní Ọ̀gá Olókùn, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n Mama ńkọ́? Láti ọjọ́ tí Vahe ti kú, Mama Arusyak, ìyá Zaruhi, ò bọ́ aṣọ dúdú.

"Nínú gbogbo ọkùnrin ayé, ti inú adágún yẹn lo rí?" Síbẹ̀, ó ní kó mú un wá.

Mihran wá pẹ̀lú òdòdó. Mama bu ọtí, ó ní ife ìrántí Vahe ló ṣáájú. Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fi ife kan ife nígbà tí wọ́n bá ń mu ti òkú; ti ayọ̀ nìyẹn. Mihran mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ìyàwó tó ń wá ló bà á, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ife rẹ̀ sì kan ti Mama. Ó dún kín-ín.

"Háà! Ikú ọmọ mi lo fi ń ṣàríyá?"

"Ẹ forí jì mí, Mama. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

"Padà sínú adágún tó rán ẹ wá."

Lẹ́nu ọ̀nà, Zaruhi ń sunkún. "Èmi nìkan ló kù fún un, Mihran. Tí kò bá súre fún wa, mi ò lè fi í sílẹ̀."

"Mo ti kà ẹ́ ná, Zaruhi jan. Màá dúró."

Òtútù ọdún yẹn pẹ́. Ọ̀rọ̀ kò pé mẹ́wàá láàárín ìyá àtọmọ lóòjọ́.

Nígbà tí àyájọ́ ikú Vahe pé, Mama ní òun fẹ́ rí omi náà. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi àpáta yẹn o. Ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi débẹ̀. Ìwọ mú ibòmíì."

Zaruhi mú etí omi olókùn. Mama mọ ẹni tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó wọkọ̀.

Ìgbì ti ń ru nígbà tí wọ́n dé. Mihran ta àsíá pupa, ó fọn fèrè, gbogbo èèyàn jáde àfi géńdé kan tó ń ṣe ṣekárími fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mihran wọ omi tòun taṣọ, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ìwọ ajá etí omi yìí, ṣé baba mi ni ẹ́ ni?"

Èébú náà kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi dórí iyanrìn. Mihran jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ó yíjú padà sómi, ó tún ń ṣọ́ ọ.

Mama ti dìde. "Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí yóò fà á jáde, tí Vahe mi lè bú báyìí…" Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní kí Zaruhi lọ pe Mihran wá. Ó ṣí báàgì, ó yọ ìgò ọtí àti ife. Mẹ́ta ni. Láti ilé ló ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, Mama. Ètè nìkan ni màá fi kàn án."

"Bó ṣe yẹ nìyẹn."

Wọ́n mu ti Vahe. Mihran fi ọwọ́ méjèèjì di ife rẹ̀ mọ́ àyà, kó má baà kan ẹnikẹ́ni. Mama tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó na ọwọ́, ó fi ife tirẹ̀ kan ti Mihran, ó kan ti Zaruhi. Kín-ín, kín-ín.

"Èyí kì í ṣe èèṣì o," ni Mama wí. "Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."