Bàtà Tí Kò Wọlé Mọ́

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kú toyún-toyún, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀; èkejì kọ̀, kò wọlé. Gìrì ló mú un láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú gbogbo ilé aránbàtà ti wà lára Ìyá Aláwọ, àbúrò bàbá Ẹ̀gbọ́n, torí òun ló ń rẹ awọ tí wọ́n fi ń rán bàtà.

"Omi ẹ̀ ló le, omi àjẹ́ ni," ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Orin ni Ìyá ń kọ sí wọn:

*Ẹyẹ òrùlé, fò lọ o,*
*Awọ ni mò ń rẹ,*
*N ò rẹ ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.*

Ṣùgbọ́n Ìṣólẹ́nu, àbúrò Ẹ̀gbọ́n, náà fẹ́yàwó. Ìyàwó náà lóyún, oyún pé oṣù méje. Bàtà tí ọkọ rán fún ìyàwó ti fún un lẹ́sẹ̀. Ó tú u, ó tún un rán. Ó tún fún un. Ẹyẹ dúdú kan bà sórí òrùlé, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Awọ ló ń súnkì," ni Ìṣólẹ́nu wí. Aránbàtà ni, awọ ló mọ̀, awọ ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Ta ló ń sún un kì? Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Ìyá, kí lẹ ń dà sómi? Ẹ kó ẹrù yín kílẹ̀ tó ṣú!"

"Omi lásán ni. Bó o bá rí ìyẹ́ lára mi, tu ú kó o fi ṣe ìrọ̀rí."

Ẹnu Ìyá ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Níbo ni yóò lọ? Bí ọmọ yìí bá sì kú ńkọ́? Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Lójijì ó fa igi ẹsẹ̀ kan yọ lórí pẹpẹ, èyí tí Ìṣólẹ́nu gbẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ẹ. Ó ti bàtà bọ̀ ọ́. Wẹ́rẹ́ ló wọlé.

"Bàtà ò súnkì o! Ẹsẹ̀ ló wú!" Ó yíjú sí ìyàwó. Ojú rẹ̀ ti wú bí ti ẹni tí oyin ta. "Orí ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ó ń fọ́ mi láti àná, Ìyá. Iná kan ń ṣẹ́jú níwájú mi."

"Ó yá, ilé ìwòsàn!"

Ẹ̀gbọ́n dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fẹ́ lọ parí ẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa," ni ìyàwó wí. "Bí Ìyá bá tilẹ̀ jẹ́ àjẹ́, ọwọ́ wọn náà ni mo fẹ́ dì mú."

Ẹ̀gbọ́n yà lọ́nà. Nílé ìwòsàn, agbẹ̀bí wé ọ̀já tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ìyàwó lápá, ojú agbẹ̀bí yí padà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí gìrì má bàa mú un, wọ́n sì tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde.

"Afẹ́fẹ́ kékeré kan wà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀," ni agbẹ̀bí ṣàlàyé fún wọn. "Òun ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ aboyún dẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, iṣan á le, á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, omi á jò sínú ẹran ara, ẹsẹ̀ á wú, gìrì á sì dé."

"Bí awọ tí kò rí omi mu," ni Ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Igbe ọmọ jòjòló kan sọ, tín-ín-rín bí òwú ìránbàtà. Tìyá-tọmọ yè.

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀gbọ́n gbé bàtà ìyàwó rẹ̀ tó kú jáde, èyí tí kò wọlé lọ́jọ́ náà. Ó wá igi ẹsẹ̀ obìnrin náà rí lábẹ́ pẹpẹ, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ti bàtà bọ̀ ọ́.

Wẹ́rẹ́ ló wọlé.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi tí Ìyá fi ń rẹ awọ. Ìyá ò bá a wí. Ó jókòó tì í, ó rọra dá orin rẹ̀. Nígbà tó kan ìlà tó gbẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n ló gbè é, omijé lójú:

*Ìyá ò rẹ ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.*